Akoto Tó Ti Ogun Bọ̀

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń dúró de ìdánwò iṣẹ́. Òórùn ọ̀dà gbé mi padà sí àdúgbò wa, Houinmè, sí ọ̀sán tí Bàbá fi páálí ṣe akoto ogun fún eré ilé-ìwé mi. Mo kùn ún ní àwọ̀ fàdákà, ó ń dán gbinrin. Bàbá bá fi èédú ra á lára.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́!" Mo bú sẹ́kún.

"Ìyá mi," ni Bàbá pè mí, "akoto tó ń dán kò tíì kúrò nílé. Èyí ti lọ sógun, ó sì ti bọ̀."

Inú mi dùn pé Bàbá wà nílé lọ́sàn-án. N kò mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi iṣẹ́ púpọ̀ ti kọ èmi náà kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo fọwọ́ kan orí bí ẹni tó dé akoto, mo wọlé.