Ìyá Mi Tẹ́ Ẹní Sẹ́nu Ọ̀nà

Ariwo páànù ni mo kọ́kọ́ gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ló gbé òrùlé họ́sítẹ́ẹ̀lì àwa obìnrin lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa n'Ìkàrẹ́, nígbà tí ìdánwò àṣekágbá kù díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì, ìwé, gàrí, gbogbo rẹ̀ ló mumi yó. Ká sọ òótọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbìyànjú. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n fún wa láṣọ ìbora, wọ́n sì ní kí olùkọ́ tó bá ní yàrá tó ṣófo gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé títí ìdánwò yóò fi parí. Inú èmi òmùgọ̀ dùn. Mo ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un.

Ilé olùkọ́ kan l'Ọ̀kà ni wọ́n pín èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan sí. Ìyẹn ní òun ní ẹ̀gbọ́n nílùú, kò tilẹ̀ bá mi débẹ̀. Olùkọ́ yìí ló ń kọ́ wa ní kọ́ọ̀sì tí mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún un ṣe, tí n kò yege, ọdún kan tún gorí ọdún nìyẹn. Tẹ̀rín tọ̀yàyà ló fi gbà mí. Ó ní ìyàwó òun wà l'Ákùúrẹ́, yóò dé ní Sátidé. Sátidé dé, ìyàwó kò dé. Ó tún di Sátidé mìíràn. Olùkọ́ ń ra búrẹ́dì fún mi, ó ń pè mí ní "ọmọ mi". Ilẹ̀kùn yàrá mi kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní ó ti sọnù. Mo ń bá ara mi wí pé aláìmoore ni mí, síbẹ̀ mò ń ti àpótí mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó sùn. Mo pe ìyá mi ní Ìfìrà lórí fóònù, mo sọ ilé olùkọ́ tí mo wà fún wọn, mo kàn ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún mi ni. Wọ́n ní, "Ìyàwó wọn ńkọ́?" Mo ní kò tíì dé láti Àkúrẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹní, ìkòkò àti adìẹ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ kí olùkọ́.

"Ọ̀gá, ẹ kú oore ọmọ mi o. Oore yìí pọ̀ fún ẹnìkan, mo ní kí n wá bá yín ṣe é."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò sí yàrá mọ́ o."

"Ẹnu ọ̀nà ọmọ mi tó mi, sà."

Ibẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Mo bi wọ́n ní kọ̀rọ̀ pé kí ni adìẹ wà fún. Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ ẹni rere, adìẹ nìyí. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi nìyí."

Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń gúnyán fún ọ̀gá, wọ́n ń kí i bí ẹni ń kí àna. Kò pẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù fi jáde látinú dúrọ́ọ̀. Ìyá mi dúpẹ́, wọ́n so ó mọ́ etí ìró, wọn kò sì ká ẹní. Ojú tì mí púpọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè wọ́n ní sẹ́kúríìtì. Mo ní, "Màámi, ọ̀gá á bínú, wọ́n á tún fèèlì mi."

"Pańsá ò fura, pańsá já iná; àjà ò fura, àjà jìn. Èmi ni n ó máa fura, ìwọ máa kàwé."

Mo kàwé, mo sì yege. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, a di ẹrù wa. Ìyàwó kò tíì dé.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, ìyá mi sì ti sùn. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé tiwa náà, tí wọ́n ní ká pín àwọn ọmọbìnrin sílé olùkọ́, mo ní ó tì o, inú gbọ̀ngàn ni kí gbogbo wọn sùn pọ̀. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọ̀gá àgbà wa ní mo ń fura jù, ó ní kí ni olùkọ́ ọ̀hún wá fi mí ṣe.

Mo ní kò fi mí ṣe nǹkan kan. Bóyá èèyàn rere ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò mọ̀ títí dòní. Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n mọ̀.