Ọjọ́ tí Daddy Elkanah Ná Oògùn

Ní ilé ìwòsàn tí Dókítà Dorothy Oyèwùmí ti ń ṣe ìwádìí oògùn, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí Daddy Elkanah ná oògùn. Ìjẹ̀bú ni bàbá náà, ata ló ń tà ní Mile 12, jẹjẹrẹ sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Dókítà ṣàlàyé pé òun á kọ́kọ́ fún un ní oògùn ìtànṣán díẹ̀, kí ẹ̀rọ lè ya àwòrán ibi tí àrùn sá pamọ́ sí. Bó bá hàn, òun á fún un ní èyí tó lágbára, tí yóò lọ jó o níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá yóò dá gbé nínú yàrá títí ìtànṣán yóò fi rọlẹ̀ lára rẹ̀. Ìwádìí ṣì ni. Bàbá lè kọ̀ bí kò bá fẹ́.

Bàbá ní kí wọ́n dín ọjọ́ kù, kí wọ́n bu oògùn kún un.

"Daddy, a kì í ná oògùn."

"Ata lásán, mo máa ń fi èènì sí i."

Dókítà kò gbà. Bàbá bá dìde bí oníbàárà, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n pè é padà. Dókítà fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n ìwádìí kì í fipá mú èèyàn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló padà wá jókòó.

"Dókítà, ẹ ò mọ ọjà tà rárá."

Nínú àwòrán, àrùn náà tàn yòò bí àtùpà nínú ìkùukùu. Bàbá wò ó títí, bí ẹni tó ń lálàá, ó ní òun ò mọ̀ pé inú òun rẹwà tó báyìí.

Nígbà tó ń dá gbé, Mojeed tó ń wọn ìtànṣán a máa gbé ẹ̀rọ wá sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Ẹ̀rọ á ké. Bàbá á dáhùn látinú pé òun jí dáadáa. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó béèrè ohun tí òun fi ṣẹ ẹ̀rọ tí kò fi kí òun mọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òkùnkùn nìkan ló kù nínú àwòrán.

"Wọ́n ti mú iná lọ?"

"Wọ́n ti mú un lọ, Daddy."

"Kí wọ́n má mú un wá mọ́." Ní gbogbo Kétu, ládùúgbò rẹ̀, lọ́dún 2004, òun nìkan ló gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ó lo ọdún mélòó kan sí i, kó tó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò jí mọ́. Dókítà lọ kí ìyàwó rẹ̀, Mummy Jayé, ní Alápẹ̀rẹ̀. Ìyá náà ní látìgbà tí ara bàbá ti yá ló ti máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun ọ̀sán. Bó bá jí, á wá ròyìn àlá náà fún òun.

"Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà," ni Mummy wí. "Mo jókòó tì í, mò ń dúró kó jí kó sọ fún mi."

Dókítà sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì rọra ń rẹ́rìn-ín ohun tí wọn ò mọ̀.