Waya Ilẹ̀ Inú Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wa

Mo jowú àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n sinmi. Bàbá wa ló kọ́ mi níṣẹ́ iná ní Darkuman, ní Accra níbí, láti ìgbà tí ọwọ́ mi ò tíì ká púláyà tán. Nígbà tó kan àbúrò mi, nǹkan ti rọ̀ díẹ̀ nílé wa, wọ́n sì rán an lọ kọ́ iṣẹ́ kan náà níléèwé ní Tema.

Ó kó ọ̀rọ̀ dé. Waya kan wà tí a máa ń fà láti ara fírísà wọnú ilẹ̀, pé bí iná bá jò sára irin, kí ilẹ̀ gbà á, kó má baà gba ara èèyàn kọjá. Waya ilẹ̀ ni bàbá wa ń pè é, ó sì tán. Àbúrò mi ò lè fi mọ bẹ́ẹ̀.

"Bùrọ̀dá, nílùú Ọba, earth ni wọ́n ń pè é, ní Amẹ́ríkà, ground ni. Tẹ́ ẹ bá wá so gbogbo irin inú ilé mọ́ra wọn, bonding nìyẹn. Ẹ má pè é ní neutral o. Neutral ni waya tí iná ń gbà padà."

Yóò máa fi ìka ya gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ìyá wa yóò sì máa mi orí bí ẹni pé ó yé wọn. Èmi tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀, tí mo ń ri irin mọ́lẹ̀, kó tó mọ A yàtọ̀ sí B, ìyá wa ò mi orí fún mi rí. Engineer làwọn oníbàárà ń pè é. Èmi, Alata lásán, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá ní Accra. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tèmi ti tán pátápátá.

Ìyá wa ń ta ẹja yìnyín ní Lapaz. Lọ́jọ́ kan, iná ara fírísà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn, wọ́n sì pe àwa méjèèjì. Mo sáré débẹ̀ kí àbúrò mi tó dé, n ò ní purọ́. Mo rí páìpù onírin ti ẹ̀rọ omi tó yọ lára ògiri, mo fi waya so fírísà mọ́ ọn, bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe é nínú àwọn ilé àtijọ́, torí páìpù omi ló máa ń wọlẹ̀ jìn jù. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan fírísà náà, bàtà aláwọ mi wà lẹ́sẹ̀. Kò gbé mi.

Ìgbà náà ni àbúrò mi wọlé tòun ti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wò ó bóyá waya kanlẹ̀ lóòótọ́.

"Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Kò ní pẹ́."

"Kí lo fẹ́ wọ̀n? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé iná wọlẹ̀ ni?"

Ó wo ìyá wa. Ìyá wa wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣe é. Ó tó." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń súfèé títí mo fi dé Darkuman.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ kí wọn lọ́sàn-án. Oníbàárà kan ń pè wọ́n. "Mereba," ìyá wa dáhùn ní Twi pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n wọ sálúbàtà rọ́bà, wọ́n mú ọmọrogùn gbígbẹ kan, òun ni wọ́n fi gbé ìdérí fírísà sókè. Mo rò pé eré ni. Mo kọjá sídìí ẹ̀rọ omi kí n fọ ọwọ́ mi.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ìyá wa ló kígbe. Mo dúró gbagidi. "Ó ṣì ń gbé yín?"

"Látọjọ́ tó o ti so ó. Ẹ̀rọ omi pàápàá ti bá a lọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ta ni kí n sọ fún? Tí mo bá sọ fún ọ, wàá ní àbúrò rẹ ló rán mi. Tí mo bá sọ fún àbúrò rẹ, wàá bínú kú. Mo mọ bí mo ṣe ń ṣọ́ra."

Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún ló ń fi ọmọrogùn bo àṣírí mi. Ojú tì mí débi pé n ò lè jókòó. Mo yọ fírísà kúrò lára iná, mo sì pe àbúrò mi.

Ó dé láti Tema kí ilẹ̀ tó ṣú. A gbẹ́ ìdí ògiri: ibi tó jẹ́ irin lára páìpù náà ò gùn ju apá lọ, rọ́bà ni wọ́n ti fi pààrọ̀ ìyókù. Waya mi ò kanlẹ̀ rárá; bàtà ẹsẹ̀ mi ni kò jẹ́ kí iná gbé mi lọ́jọ́sí. Àbúrò mi gbá irin tuntun wọlẹ̀, ó so waya fírísà mọ́ ọn, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Bùrọ̀dá, bí bàbá ṣe kọ́ yín lẹ ṣe é. Páìpù ló yí padà." Ó sọ ọ́ sókè kí ìyá wa lè gbọ́. Ìwà rere yẹn náà, mo jowú rẹ̀.

Mo tan iná padà. Ìyá wa na ọwọ́ sí fírísà, wọ́n dá a dúró lókè, wọ́n sì bi àbúrò mi pé, "Ṣé kí n fọwọ́ kàn án?"

Èmi ni mo sún mọ́ wọn jù, àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n bi.