Ìtẹ̀sẹ̀ Tí Mo Gé Kúrò Lára Mọ́tò

Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa bi mí pé kí ló dé tí mọ́tò àtijọ́ fi ga tó bẹ́ẹ̀, tí iná wọn sì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Ọ̀nà ìgbà náà kún fún kòtò, mọ́tò gbọ́dọ̀ ga. Ọ̀tọ̀ ni mọ́gáàdì, ọ̀tọ̀ ni iná, ọ̀tọ̀ ni ìtẹ̀sẹ̀ gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí a lè tú èyí tó bá bàjẹ́ ká lù ú. Nígbà tí ẹ̀rọ wá ń tẹ ara mọ́tò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ọ̀nà sì ń dán, mọ́tò wálẹ̀, ara rẹ̀ di ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró. Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀sẹ̀ ni n kì í sọ tán.

Ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira ni. Mo ń ṣe panẹ́bítà ní Ṣómólú, lójú ọ̀nà Bàrígà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ìgbéraga sì ń gùn mí. Àwọn mọ́tò tuntun tó ń dé sí èbúté kò ní ìtẹ̀sẹ̀ mọ́. Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, tó ń ta aṣọ. Mọ́tò àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò pè mí o, èmi ni mo lọ bá wọn.

"Bàbá, mọ́tò yín ti di tàná. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ di tuntun."

Mo gé ìtẹ̀sẹ̀ méjèèjì, mo fi páànù dí àyè wọn, mo ri iná sínú mọ́gáàdì, mo sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Onímọ́tò mẹ́ta wá láti àdúgbò Pedro pé àwọn náà fẹ́ irú rẹ̀.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. N kò rò ó pé mọ́tò tuntun kò nílò ìtẹ̀sẹ̀ nítorí pé ó súnmọ́ ilẹ̀. Ti Bàbá ṣì ga. Orúnkún Màmá, ìyàwó wọn, kò dára. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, Màmá gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò dé inú mọ́tò. Wọ́n gbé àpótí sílẹ̀ fún Màmá, àpótí yẹ̀. Bàbá ní kí àwọn ọkùnrin gbé Màmá wọ inú mọ́tò.

"Òkú ni wọ́n ń gbé wọ ọkọ̀," ni Màmá wí. "Mi ò tíì kú." Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá wá bá mi. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi dá ìtẹ̀sẹ̀ yẹn padà. Ìyá ò lè gòkè."

Irin náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a padà, kí ni àwọn ará Pedro yóò sọ nípa iṣẹ́ mi?

"Ẹ má bínú, sà. Ó ti dípẹtà, mo ti jù ú nù."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn títí dòní.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí oníbàárà pọ̀, mo kun ọ̀kan nínú irin náà ní dúdú, mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo fi ṣe bẹ́ǹṣì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo bá Màmá níbẹ̀. Wọ́n ń sinmi lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn bò wọ́n. Wọ́n ń fọwọ́ pa irin náà. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, níbi tí Màmá máa ń fi ọ̀pá tì kí wọ́n tó gòkè sínú mọ́tò. Wọ́n ki ẹnu ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Wọ́n wò mí. Ojú tì mí débi pé n kò lè kí wọn.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé irin náà lé èjìká lọ sílé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jó o mọ́ mọ́tò padà.

"Bàbá ti ta mọ́tò yẹn," ni Màmá wí. "Wọ́n ní àwọn ò lè jókòó sínú mọ́tò kí n máa rìn lẹ́yìn. Dìde. Gbé e padà síbi tó wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń sinmi."

Mo gbé e padà. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń nù ún kí wọ́n tó dé.