Oko Ìyá Mi Láti Ojú Ọ̀run

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ ni wíwo ilẹ̀ láti ojú ọ̀run, nínú fọ́tò oríṣiríṣi. Ẹnu mi kì í gbófo: mo máa ń fọ́nnu pé kò sí igbó tí n kò lè rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí orúnkún ìyá mi kọ iṣẹ́, tí wọn ò lè rin ọ̀nà oko kókó wa lẹ́yìn Ẹ̀rìjìyàn mọ́, wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn àwọn ń fà sí: kí àwọn tún fojú kan ibi tí abà wa wà kí àwọn tó kú. Abà yẹn ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ìyẹn ò tó nǹkan.

Fọ́tò sátẹ́láìtì lásán ni mo kọ́kọ́ gbé wá, irú èyí tó ń ya ilẹ̀ bí ojú ṣe ń rí i. Àsìkò òjò ni, ìkúukùu sì ti jókòó sórí òkè Ẹ̀fọ̀n títí dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní òwú làwọn ń rí. Mo lọ mú ti rédà, torí pé òun máa ń la ìkúukùu kọjá. Ó là á kọjá lóòótọ́, àmọ́ gbogbo rẹ̀ rí bí eérú: òkè hàn, igi kan ò hàn. Mo tún gbé èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kì í rí yẹ ewé wò. Nínú tirẹ̀, ewé tó bá tutù dáadáa ló máa ń pọ́n. Kí n tó ṣàlàyé, ìyá mi ti káwọ́ lérí, omi ti lé ròrò sí wọn lójú. Wọ́n rò pé iná ti jó oko. Inú bí mi sí ara mi. Ọ̀mọ̀wé òṣì.

Ní Sátidé, mo gbé dúróònù lọ sí ẹ̀bá títì, mo rán an lọ sórí oko. Fọ́tò tó mú bọ̀ mọ́lẹ̀ kedere, àmọ́ mo wá abà náà títí, mi ò rí i. Igbó ti bo ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo gbé e fún ìyá mi. Ìka wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó wá dúró lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

“Ààtàn wa nìyí,” ni wọ́n wí. “Ibi tí mò ń da eérú àti èèpo iṣu sí. Iwájú rẹ̀ ni ulé wa.”

Ta ni ò mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn ààtàn? Àlejò lójú, kò fi ríran, èmi ọmọ ibẹ̀ sì ti di àlejò. Àárò abà náà sọ mí. Mo rántí iṣu sísun, mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń wúkọ́ nídìí ààrò.

Wọ́n bi mí pé níbo ni mo dúró sí tí mo fi ya fọ́tò yìí. Mo ní ẹ̀bá títì ni, níbi tí ọ̀nà oko ti yà.

“O dé ẹnu ọ̀nà wa, o ò wọlé?”

Mo fẹ́ sọ pé mi ò wọ bàtà oko, mo fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ejò ń bà mí. Wọn ò dúró gbọ́. Wọ́n kàn béèrè bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti so. Fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ̀.