Ẹni Tí Kì Í Gbàgbé Etí

Jópọ́n ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí oníbàárà tó gbé fọ́tò wá tí kì í sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó pọ́n díẹ̀."

Fọ́tò ilé ló ń tún ṣe: ìyàwó lórí àga, ọkọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ lórí ẹní. Á gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á tan ìmọ́lẹ̀ sí ògiri tó ṣókùnkùn, á sì fọ ojú wọn títí dúdú yóò fi di pupa. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fọ ojú, wọ́n a gbàgbé etí. Ẹ ó rí obìnrin tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí etí rẹ̀ dúdú bí èédú. Jópọ́n kì í gbàgbé etí. Kì í gbàgbé ọwọ́, kì í gbàgbé ẹsẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Adúmáadán ló ń pè é nígbà tó ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá àwòrán tí yóò gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó mú ti ìyàwó rẹ̀, ó fọ̀ ọ́.

Obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ta lẹlẹ́yìí? Ṣé orogún tí ẹ fẹ́ mú wọlé nìyí? Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kan ìkòkò mi o."

"Ìpolówó ọjà ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ọjà tà. Láti ìgbà náà, kò sí fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tí kò fọ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kéré. Bó bá ti fọ èyí tán, á pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí ààyè lè wà.

Obìnrin náà kú nígbà tí ọmọbìnrin wọn ṣì ń rákòrò. Kò ní ẹbí kankan tó kù tó lè ròyìn rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà lábẹ́ àwòrán ẹnu ọ̀nà. Bàbá pọ́n, ìyá inú férémù pọ́n, òun nìkan ló dúdú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ilé-ìwé dé, ó ju báàgì sílẹ̀.

"Bàbá mi, ibo lẹ ti rí mi?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Wọ́n ní èèyàn pupa méjì kì í bí èédú. Wọ́n ní ńṣe lẹ rí mi he."

"Ìyá rẹ dúdú jù ọ́ lọ. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ nínú fọ́tò."

Ọmọ náà wo àwòrán, ó wo bàbá rẹ̀. "Ẹ fi hàn mí."

Jópọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tú gbogbo fọ́tò ìyàwó rẹ̀ síta. Ó ń wá etí kan ṣoṣo tí òun gbàgbé, ọmọ ìka kan, ọrùn ẹsẹ̀ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kò rí nǹkan kan.

Ó bá ní kí òun fà á padà sí dúdú. Àmọ́ ara tí a ti fọ̀ kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ojú ìyàwó rẹ̀ di eérú, bí ojú ẹni tó ti ṣàìsàn pẹ́. Ó fi pupa díẹ̀ kún un, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù. Dídán ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó fi ń jẹ́ Adúmáadán, kò padà.

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá mi. Nítorí mi lẹ ṣe ń kùn ún. Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ lẹ máa ń fún un."

"Mo fi orí ìyá rẹ búra!"

"Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pọ́n."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé-ìwé ní kí wọ́n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá. Jópọ́n ya ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwòrán náà hàn lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹjú mọ́ ọn: ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adúmáadán nìyẹn, ó dúdú, ó ń dán.

"Wò ó," ó ní. "Ìyá rẹ nìyí."

"Ẹ fọ̀ ọ́, kí n lè jọ ìyá mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa gbé e lọ bá ẹlòmíràn."

Ó fọ ojú. Ó fọ ọrùn. Ó dé etí, ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ́ka sí i. "Bàbá mi, ẹ gbàgbé etí."

Jópọ́n fọ etí náà.