Ẹni Tó Ń Sáré Yí Ilé Po

Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ nílé alágbàfọ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe o, nítorí ta ni ò mọ̀ pé obìnrin yẹn kì í lọ síbì kankan? Ilé sí ibi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ sí ilé, ó parí. Ọdún kẹfà rèé tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ̀ ti rọ. Òun ló ń gbé e dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Bó bá wà níbi iṣẹ́, ìyàwó káfíńtà tó múlé gbè wọ́n ló máa ń jókòó ti màmá títí di aago méjì. Jẹ́ kí aago méjì fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, wàá bá ìyàwó káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà, tó ti fajú ro.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló lọ forúkọ sílẹ̀ fún eré ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ẹ má bi mí bóyá orí rẹ̀ pé. Orí rẹ̀ pé ju tèmi tẹ̀yin lọ. Ara ògiri ló ti rí ìwé ìkéde náà, níbi tó ti ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà: láti ìlú wọn títí dé etí òkun, láti ìdájí ọjọ́ kan sí ìdájí ọjọ́ kejì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó fi áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, nítorí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ibo ló wá ti fẹ́ máa sáré? Agogo kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì màmá, bó bá sì ti mì ín, ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́. Kò lè dé títì, nítorí náà, ilé ló ń sáré yí po. Á kúrò lẹ́nu ọ̀nà, á gba ẹ̀gbẹ́ kànga, á gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, á gba abẹ́ fèrèsé màmá, á tún yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀ péré. Igba ìyípo ló ń ṣe láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó bá di ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ̀rún kan. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun lórí eré, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu omi díẹ̀díẹ̀ kí inú má bàa dà rú. Onílé ní kó rọra, pé kòtò ló ń gbẹ́ yí ilé òun ká. Káfíńtà ní ilé náà ò kúkú ní sá lọ, kí ló ń lé e sí? Á rẹ́rìn-ín, á tún yí po.

Nígbà tó di oṣù kẹta, orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá na iṣan màmá gbé bàtà rẹ̀ wò. Ti òsì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti ọ̀tún ṣì dára.

"Ṣé ọwọ́ kan náà lẹ máa ń yí sí?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ilé gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún mi. Etí yẹn ló gbọ́ràn jù."

Nọ́ọ̀sì ní kó máa yí sọ́wọ́ òsì. Ó dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì gbọ́ agogo. Nígbà tó fi máa wọlé, màmá ti tọ̀ sára, ó ń wo ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, ó padà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi aṣọ di orúnkún.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà tó ń gbé nílùú mìíràn, ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Òun ló ṣèlérí pé òun máa bá màmá gbé fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá wá, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tíṣà pe fóònù, màmá ló gbé e. Láti ìgbà àìsàn yìí, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó sì máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Tíṣà béèrè àbúrò rẹ̀. Màmá ní, "Ó fẹ́ sá."

Àfi bí tíṣà ṣe yọ sí wọn lọ́jọ́ kejì.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ sá," ó ní. Kò tíì jókòó o.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ yẹn náà ni. Ẹnu màmá ló gé e kúrú. 'Sáré' ni wọ́n fẹ́ sọ."

Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu tíṣà. Ni màmá bá gbé ọwọ́ òsì sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo mọ sáré," ó ní, ó rọra ń pè é, kò gé ìkankan. "Sá ni mo wí."

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú ìwé tí àbúrò rẹ̀ kọ ètò eré rẹ̀ sí lórí tábìlì, ó sì ń kà á sókè bíi pé ó wà ní kíláàsì: aago mẹ́rin, jẹun, aago márùn-ún, gbéra, ogún kìlómítà, mu omi oníyọ̀, àádọ́ta, pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀, àádọ́rin, rìn, má sáré, ọgọ́rùn-ún, etí òkun. Ó ṣí ojú ewé kejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìpadà ńkọ́?"

Ẹsẹ̀-ò-gbélé gba ìwé náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Oṣù márùn-ún ló fi kọ ìwé yẹn. Ó rántí ìbọ̀sẹ̀, ó rántí iyọ̀, kò rántí ọkọ̀ tó máa gbé e wálé. Kì í ṣe pé ó fi pa mọ́. Kò wá sí i lọ́kàn rí ni. Ojú tì í débi pé kò lè wo apá ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà.

"Ó ti rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Eré kọ́ ló rẹ̀ mí."

"Lọ," ni màmá wí. "Má torí mi padà."

Ó gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ etí òkun: aago mẹ́fà ọjọ́ kejì, wọ ọkọ̀ ìpadà, aago mẹ́wàá, wẹ màmá. Omijé ń kán sórí ìwé. Tíṣà rò pé ó ti ronú pìwà dà, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń pa á lẹ́kún ni pé ó mọ ara rẹ̀: tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, á ti padà délé.